Ìpètè Ìrìn-àjò Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Tí Ń Dàgbà

Lọ́dọọdún, bí Oṣù Kejì bá ti ń parí lọ, irú ìbéèrè kan náà a máa dé etí wa láti ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Manchester àti ní àwọn ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ilé-ìwé ibẹ̀ yóò gba ìsinmi ńlá ní ìparí Oṣù Keje, àwọn ọmọ yóò sì wà nílé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá àti ìyá ti rọra fi owó díẹ̀ pamọ́. Wọ́n ń fẹ́ kó gbogbo ilé lọ sí ibi tí oòrùn wà, kí wọ́n lè rí ojú ara wọn fún ọjọ́ mẹ́wàá láìsí iṣẹ́ òru àti láìsí agogo ilé-ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń yan ilẹ̀ Pọ́túgàl, nítorí pé ìrìn nǹkan bí wákàtí mẹ́ta péré ni nínú ọkọ̀ òfuurufú, etí òkun ibẹ̀ sì dára. Nígbà tí àwọn ọmọ ṣì kéré, ọ̀rọ̀ náà kò le. A gbé wọn, a dì wọ́n mọ́ àga, a sì lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjá ọdún 12, ìjà a máa bẹ́ sílẹ̀ kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan.

Bóyá ẹlòmíràn nínú àwọn òǹkàwé wa yóò wí pé ọ̀rọ̀ fàájì kò yẹ ní ojú ìwé yìí. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú àṣẹ tí a fi ń darí ilé kan, kí ó má ṣe wo bí wọ́n ti ń gbàdúrà níwájú àlejò. Kí ó jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń jíròrò bí wọn yóò ti ná owó tí ó ṣẹ́kù. Ìbéèrè méjì ni a rí nínú ọ̀ràn yìí. Èkíní ni pé, ta ni ó ni àṣẹ láti pète ìrìn-àjò tí ọmọ ọdún 13 àti ọmọ ọdún 16 yóò bá wa lọ? Èkejì ni pé, nígbà tí a bá ń mú wọn lọ sí ilẹ̀ tí ìtàn rẹ̀ kan ìrora àwọn ènìyàn wa, ǹjẹ́ ìgbádùn nìkan ni a jẹ wọ́n ní gbèsè, tàbí a jẹ wọ́n ní òtítọ́ pẹ̀lú?

Nínú ilé àwọn baba wa, ìbéèrè kìíní kò sí rárá. Bàbá a wí pé, À ń lọ sí ìlú ìyá mi fún ọdún, àwọn ọmọ a sì di ẹrù wọn. Ẹni tí ó san owó ọkọ̀ ni ó mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Àwa kò fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú àṣà yìí, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ ọdún 15 tí ó ń wí pé kí a gba ilé tí ó ní adágún ìlúwẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí a jí ní òru kí a máa ṣírò owó ilé. Ṣùgbọ́n a ti ṣàkíyèsí pé àwọn bàbá tí ó fẹ́ràn òwe yìí kì í sábà rántí èkejì rẹ̀, pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ta ni ó ń ka àwòrán ilẹ̀ lójú fóònù nígbà tí a bá ṣìnà? Ta ni ó lè kọ́ ìkíni èdè Potogí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí yóò sì máa fi í ra búrẹ́dì láìtijú? Dájúdájú, kì í ṣe bàbá.

Síbẹ̀ ìwúlò àwọn ọmọ kọ́ ni ìdí tí ó jinlẹ̀ jù. Ìdí náà ni pé wọn yóò lọ. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka ọmọ ọdún 18 sí àgbà. Ọmọbìnrin tí a ń bá jiyàn lónìí nípa irú aṣọ tí yóò kó sínú àpótí yóò ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní ìlú mìíràn lẹ́yìn ọdún méjì, kò sì ní sí ẹni tí yóò bi í ní ìgbà tí ó wọlé sùn. Àṣẹ òbí kì í ṣe ohun ìní tí a ó mú wọ ibojì. Ohun tí a gbé lé wa lọ́wọ́ ni, kí a lè fi í lé ọmọ náà lọ́wọ́ díẹ̀ díẹ̀, bí a ti ń fi ọkọ́ lé ọmọ àgbẹ̀ lọ́wọ́: èyí tí ó kéré ní àkọ́kọ́, ní ẹ̀gbẹ́ ebè bàbá rẹ̀. Bí a kò bá jẹ́ kí ó pinnu ohunkóhun títí di ọjọ́ tí ó pé ọdún 18, ní ọjọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí pinnu ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, àwa kò sì ní sí nítòsí. Ọjọ́ mẹ́wàá ní ilẹ̀ àjèjì, pẹ̀lú òbí ní yàrá kejì, jẹ́ ibi rere láti kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lúùkù Mímọ́ sọ ìtàn ìrìn-àjò ìdílé kan fún wa, èyí tí a ti gbọ́ ìwàásù púpọ̀ lé lórí. Lọ́dọọdún ni Jósẹ́fù àti Màríà ń lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ Ìrékọjá. Nígbà tí ọmọ náà sì pé ọdún 12, ó bá wọn lọ. Nígbà ìpadàbọ̀, wọ́n rò pé ó wà láàárín ẹgbẹ́ èrò. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a, ọjọ́ mẹ́ta sì kọjá kí wọ́n tó rí i nínú Tẹ́ńpìlì. Àwọn oníwàásù a máa sọ̀rọ̀ nípa ọgbọ́n ọmọ náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn òbí náà pẹ̀lú. A kò lè wí pé wọ́n ya ọ̀lẹ ní ti ìpètè: wọ́n mọ ọjọ́ àjọ, wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọn yóò bá rìn, wọ́n mọ ojú ọ̀nà. Ohun tí a kò kà nínú ìtàn náà ni pé ẹnì kan bi ọmọ náà léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. A mọ̀ pé ohun tí a kò kọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìyàlẹ́nu ìyá rẹ̀ hàn gbangba. Ìbáwí tí ó bá ọmọ rẹ̀ wí kò burú, nítorí ìrora ni ó ti inú rẹ̀ wá. Èsì tí ọmọ náà sì fún un kì í ṣe àfojúdi. Lẹ́yìn èyí ni ó bá wọn lọ sílé, ó sì ń gbọ́ tiwọn. Lúùkù jẹ́ kí ìbéèrè ọmọ náà àti ìgbọràn ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sì fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé à ń wí pé kí a gbé ohun gbogbo sí ìdìbò. Àwọn ohun kan wà tí ọmọ ọdún 16 kò ní ohùn nínú wọn rárá. Òkun wà nínú wọn. Ní etí òkun Pọ́túgàl a máa ta àsíá: pupa ń wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú omi, yẹ́lò ń wí pé a lè wọ̀ ọ́ mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n kí a má lúwẹ̀ẹ́, àwọ̀ ewé ń wí pé a lè lúwẹ̀ẹ́. Omi òkun Atlantic ní ìwọ̀-oòrùn tutù, ó sì ní agbára. Ní Nazaré, láti Oṣù Kẹwàá títí dé Oṣù Kẹta, ìgbì omi a máa ga ju ilé alájà púpọ̀ lọ. Ìgbì ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ti wo àwòrán rẹ̀ lójú fóònù a máa rò pé eré ni. Ní Algarve pẹ̀lú, òkúta gíga tí ó dúró lẹ́bàá òkun lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò le bí ó ti rí lójú. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 2009, ọ̀kan nínú wọn wó ní etí òkun Maria Luísa nítòsí Albufeira, ó sì pa ènìyàn 5. Kí a má ṣe jókòó sí òjìji irú òkúta bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí oòrùn mú tó.

Iná sì tún wà. Ní àárín ilẹ̀ náà, ooru a máa kọjá ìwọ̀n 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igbó a sì gbẹ. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹfà ọdún 2017, iná igbó tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Pedrógão Grande pa ènìyàn 66. Púpọ̀ nínú wọn kú lójú ọ̀nà, nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sá lọ. Nítorí náà bí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ bá wí pé kí a má ṣe gba ọ̀nà kan, bàbá kò ní láti bẹ ẹnikẹ́ni kí ó tó yí ọkọ̀ padà. Kí ó kọ́ pàṣẹ ná. Nígbà tí wọ́n bá jókòó, kí ó sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà jẹ́ ti òbí pẹ̀lú, a sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn ará wa, ìwé ìrìnnà kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ọmọ ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tàbí ìyá ní ti Nàìjíríà. Àwọn ọmọ kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kúkúrú. Ohun tí a ó wò ni pé ìwé wọn kò tíì pé ọdún 10 láti ọjọ́ tí a ti fi í fún wọn, àti pé ó ṣì ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí wọn yóò kúrò níbẹ̀. (Ìwé ìrìnnà ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 kì í lò ju ọdún 5 lọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń kọsẹ̀.) Ṣùgbọ́n bàbá ní láti tọrọ físà Schengen, kò gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 15, láti Oṣù Kẹfà ọdún 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbà. A mọ àwọn ilé tí a ti ń fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Bàbá a dákẹ́ jẹ́ẹ́ kó ìwé báńkì àti ìwé iṣẹ́ jọ, a fi irọ́ kékeré bo ọjọ́ tí ó lọ fi ìka tẹ̀ ẹ̀rọ. Kí ni ìdí rẹ̀? Ọmọ tí ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kan ṣí sílẹ̀ fún òun, ṣùgbọ́n tí a ń bi bàbá òun ní ìbéèrè ogún kí ó tó gba ẹnu rẹ̀ kọjá, ti mọ ohun gidi kan nípa ayé yìí. Ó sàn kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ ju kí ó rí i fún ara rẹ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ibodè.

Ní ti àwọn ohun yòókù, ọ̀làwọ́ ni kí a jẹ́. Ìpètè tí ó ní ilé ìṣúra àtijọ́ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá kì í ṣe ìsinmi. Ilé-ìwé bàbá ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀ sí i ní òwúrọ̀. Àwọn oníṣègùn ti fi hàn pé oorun ìpẹ́ẹ̀rẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé ní alẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ ni gbogbo rẹ̀. Oúnjẹ alẹ́ àwọn Potogí pàápàá kì í yá. Kí a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan àti iye owó kan, kí ó pète ọjọ́ náà fún gbogbo ilé, kí àwa sì tẹ̀ lé e. Ọ̀kan lè mú wa lọ sí Porto, kí a rin orí afárá irin tí a ṣí ní ọdún 1886 lókè odò Douro. Òmíràn lè yan ààfin Pena ní Sintra láìmọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ní wákàtí tirẹ̀, kí gbogbo wa sì dúró nínú oòrùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí bàbá má ṣe rẹ́rìn-ín, kí ó má sì ṣe rán an létí ọ̀rọ̀ náà nígbà Kérésìmesì.

Àwọn ọmọ yóò sì béèrè ohun tí a kò pète. Ní Lisbon, ṣọ́ọ̀ṣì Carmo kò ní òrùlé. Ọwọ̀n àti ìtẹ̀bọ̀ rẹ̀ nìkan ni ó dúró lábẹ́ ọ̀run. Ìmìtìtì ilẹ̀ ni ó wó o ní ọjọ́ 1 Oṣù Kọkànlá ọdún 1755, ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, nígbà tí àwọn ènìyàn kún inú ṣọ́ọ̀ṣì. Omi òkun sì dìde lẹ́yìn rẹ̀, iná sì jó ìlú. Ọmọ ọdún 14 tí kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ lè wò ó tán, kí ó wí pé, Ṣé inú ìsìn ni wọ́n wà? Àwọn onímọ̀ Yúróòpù fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí ìbéèrè náà. Kí bàbá má ṣe yára fi ẹsẹ Bíbélì kan dí i lẹ́nu.

A wá dé ibi tí ọ̀ràn náà ti wúwo jù. Ní Algarve, ìlú kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lagos. Ọmọ Èkó tí ó bá rí i lára àwòrán ilẹ̀ a rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí àwọn Potogí fi sílẹ̀ fún ìlú wa nìyẹn, adágún omi sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn. Ìlú dáradára ni. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, òkúta Ponta da Piedade ń tàn bí wúrà ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ wa sì ti rí i lójú fóònù wọn kí àwa tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ìlú yìí, ní ọjọ́ 8 Oṣù Kẹjọ ọdún 1444, a kó ènìyàn 235 tí a jí gbé ní etí òkun Áfríkà jáde láti inú ọkọ̀, a sì pín wọn ní pápá kan lẹ́yìn ẹnu ibodè. Ọmọba Henry jókòó lórí ẹṣin rẹ̀ níbẹ̀; ìdá márùn-ún ni ìpín tirẹ̀, ènìyàn 46. Gomes Eanes de Zurara, òpìtàn ọba, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ bí a ti ya bàbá kúrò lára ọmọ, àti ọkọ kúrò lára aya. Bí àwọn ìyá ti dì mọ́ àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ lé wọn lórí kí a má bàa gbà wọ́n. Ó kọ ọ́ pé òun tìkára òun sọkún. Síbẹ̀ ó yin iṣẹ́ náà, nítorí pé ó rò pé a ti gba ọkàn wọn là. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kì í ṣe Yorùbá. Ará etí aṣálẹ̀ Sàhárà ni púpọ̀ nínú wọn, kí a má sì ṣe parọ́ fún àwọn ọmọ wa nípa èyí. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tiwa gba ọ̀nà tí a là ní ọjọ́ náà kọjá. Ohun kan sì tún wà nínú ìwé Zurara tí àwa ará ìjọ kò lè fò dá: kí a tó pín ẹnikẹ́ni, a kọ́ yọ ẹnì kan tí ó dára fún ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà, gẹ́gẹ́ bí ọrẹ.

Ní ọdún 2009, nígbà tí a ń wa ilẹ̀ lẹ́yìn odi àtijọ́ láti ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, a rí egungun àwọn ọmọ Áfríkà tí ó ju 150 lọ. Orí ààtàn ni a ju púpọ̀ nínú wọn sí láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkẹtàdínlógún. Ọmọdé wà nínú wọn, àmì ìdè sì wà lára àwọn mìíràn. A parí ibi ìgbọ́kọ̀sí náà. Ní ọdún 2016, a ṣí ilé ìṣúra àtijọ́ kékeré kan ní ibi tí wọ́n ń pè ní Ọjà Ẹrú. Ilé tí ó dúró níbẹ̀ kì í ṣe ti ọdún 1444, lẹ́yìn rẹ̀ ni a kọ́ ọ. Nítorí náà, ìdílé kan láti Peckham lè gbé ọkọ̀ àyálò wọn sí ibẹ̀, kí wọ́n gbé aṣọ ìnura lé èjìká, kí wọ́n lọ sí etí òkun, kí wọ́n sì padà ní ìrọ̀lẹ́ láìmọ̀ ohunkóhun.

Ǹjẹ́ kí a sọ fún àwọn ọmọ? A ti gbọ́ ìyá kan tí ó wí pé rárá, a kò sì lè fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní lọ́dọọdún, nínú Oṣù Kẹwàá, ni ilé-ìwé ń sọ ìtàn ẹrú fún àwọn ọmọ òun títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Pé lójú àwọn ọmọ kíláàsì wọn, bí ẹni pé ọmọ dúdú kò ní ìtàn mìíràn. Ó ní ayọ̀ ni òun san owó fún. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúdú kan lúwẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ kan láìru ẹrù ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọkọ rẹ̀ wí pé ní ọjọ́ kìíní gan-an ni kí a mú wọn lọ sí ọjà náà, ìfẹ́ wọn kò kan ọ̀ràn náà.

Ní ojú tiwa, àwọn méjèèjì da ohun méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó yàtọ̀ láti mọ̀, ó yàtọ̀ láti lọ. Ọmọ tí ó ti ń dàgbà ní ẹ̀tọ́ láti wí pé, N kò fẹ́ wọ ilé yìí lónìí. Ọkàn rẹ̀ ni, a kò sì lè fi ìyà kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìkẹ́dùn. Ṣùgbọ́n òbí kò ní ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí ọmọ ṣeré lórí ibì kan tí òun mọ ìtàn rẹ̀, kí ọmọ náà sì ka a nínú ìwé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kí ó sì mọ̀ pé bàbá òun ti mọ̀. Lẹ́yìn èyí, ohun mìíràn wo ni bàbá yóò sọ tí ọmọ náà yóò gbà láìwádìí? Nígbà tí Jóṣúà to òkúta méjìlá tí a gbé láti inú Jọ́dánì, ó to wọ́n sí ibi tí àwọn ọmọ yóò ti rí wọn, tí wọn yóò sì béèrè ìtumọ̀ wọn lọ́wọ́ àwọn baba wọn. A kò kà pé a wọ́ ọmọ kan lọ síbẹ̀.

Nítorí náà, ilé ni ibi tí ó yẹ kí a ti sọ ọ́, kí a tó san owó kankan. Ìmọ̀ràn tí a bá béèrè lẹ́yìn tí a ti san owó kì í ṣe ìmọ̀ràn mọ́, ìkéde ni. Bí ọmọbìnrin ọdún 16 bá gbọ́ ọ, tí ó sì wí pé òun kò lè na ara òun sí oòrùn ní Lagos, Tavira àti àwọn ìlú mìíràn wà ní etí òkun kan náà. Bí àbúrò rẹ̀ bá wí pé òun yóò lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má ṣe pè é ní aláìláàánú. Kò sí òkú kan tí ìlúwẹ̀ẹ́ ọmọdé bà jẹ́. Kí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ ọ́.

Bí a bá sì fẹ́ sọ ìtàn náà, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Àjàyí. Gbogbo ọmọ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi wa ni ó mọ̀ pé a fi Samuel Ajayi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹfà ọdún 1864. Bíṣọ́ọ̀bù ni a ti kọ́ wọn, a kò tíì kọ́ wọn ní ọmọdékùnrin náà. Ní ọdún 1821 ni a kó o ní Òṣogùn, òun àti ìyá rẹ̀; kò tíì pé ọdún 16, èyí ni pé ó wà ní ọjọ́ orí àwọn tí ń bá wa jà nítorí fóònù. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, èyí tí àwọn Potogí ń pè ní Lagos, a sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan nínú Oṣù Kẹrin ọdún 1822, kí àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí dáradára yóò béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé, Ta ni ó kó o? Kí bàbá má ṣe yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ àwọn ènìyàn dúdú ni ó kọ́kọ́ bọ́ sí, nínú ogun ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn dúdú ni ó sì ń tà á fún ara wọn títí ó fi dé etí òkun.

Kí a má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn Àgùdà nìkan ni. Ẹgbẹ́ ìtànkálẹ̀ Ìhìnrere ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwa ń pè ní ìyá wa, ni ó ni oko ìrèké Codrington ní Barbados, pẹ̀lú àwọn ẹrú inú rẹ̀, láti ìgbà tí a ti fi í sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún ní ọdún 1710. Ní ọdún 2006 ni Sínọ́ọ̀dù Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì tó tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọmọ tí a bá sọ èyí fún kò ní bínú sí ọmọbìnrin tí ń gbé àwo oúnjẹ fún un ní Lagos, ẹni tí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa fọ ilé ìtura ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú wa ní Lambeth. Bóyá yóò tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé *feijão* tí ó wà nínú àwo náà àti fùréjọ̀nù tí ìyá ìyá rẹ̀ ń sè ní Èkó ní Ọjọ́ Ẹtì Rere jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ó ku bí a ó ti to àwọn ọjọ́ náà. Kí ọjọ́ Lagos má ṣe jẹ́ ti àkọ́kọ́, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn, tàbí ti ìkẹyìn, kí ó má bàa jẹ́ pé òun nìkan ni wọn yóò rù wálé. Bí Ọjọ́ Ìsinmi bá bá wa ní Lisbon, ṣọ́ọ̀ṣì George Mímọ́ ń ṣe ìsìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ti Potogí lè wá Ìjọ Lusitana, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1880 tí ó sì wọ inú Ìdàpọ̀ Ìjọ Áńgílíkà ní ọdún 1980. Láti Lisbon, bí kò bá sí ọkọ̀ àyálò, ọkọ̀ ojú irin ni a ó wọ̀ lọ sí gúúsù. Ní Tunes ni a ó ti sọ̀kalẹ̀ wọ èyí tí ń lọ sí Lagos. Ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo ilé lé ọmọ ọdún 13 lọ́wọ́, kí ó máa ṣọ́ orúkọ ibùdó. Bí ó bá sì gbàgbé, tí ọkọ̀ gbé yín kọjá dé Faro, ẹ lè wọ ọkọ̀ mìíràn padà láti ibẹ̀.